Àwọn oníròyìn ayélujára àti Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá: Ta ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an?

Bí aago kan ọ̀sán bá ti ń lọ lù lọ́jọ́ Jímọ̀ ní Àgbárá, ìlú ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sáré jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn, tí wọ́n ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé wọn dé mọ́sáláṣí. Ẹni tó ń bá wọn dúró ti ẹ̀rọ títí wọn yóò fi kírun tán, Kìrìsìtẹ́nì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, Mùsùlùmí a gba iṣẹ́ àárọ̀ ṣe kí tọ̀hún lè ráàyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó ka èyí sí nǹkan bàbàrà.

Irú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í sí nínú ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ètò ìṣèlú Nàìjíríà ń gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára fún gbogbo ayé kà. Gbólóhùn kan wà tí kò sú wọn í kọ láti London títí dé Washington: pé Mùsùlùmí ló ni Àríwá Nàìjíríà, Kìrìsìtẹ́nì ló ni Gúúsù. Níbo wá ni kí á to Ìwó sí? Níbo ni kí á to Ẹdẹ, Ìbàdàn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde sí? Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ti wà l'Ékòó láti ọdún 1894. Ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri sílẹ̀. Olóògbé Bọ́lá Ajíbọ́lá, tó jẹ́ adájọ́ ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague láti 1991 sí 1994, Mùsùlùmí ọmọ Òwu, l'Ábẹ́òkúta, ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, Ìwé Ìròhìn, Abẹ́òkúta ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1859. Láti ìgbà náà wá, ọmọ ilé-ìwé ìjọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú kálámù. Ọ̀pọ̀ òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí kò sì fẹ́ fi ọmọ wọn síbẹ̀, nítorí ẹ̀rù pé orúkọ rẹ̀ yóò ti yí padà kó tó kàwé tán. (A kò fi èyí bú ìjọ o, àwa tí à ń kọ Yorùbá sílẹ̀ lónìí, iṣẹ́ Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là ń jẹ.) Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé Mùsùlùmí di ẹni tí ẹlòmíràn ń ròyìn rẹ̀. Onímọ̀ tó jókòó sí òkè òkun, ìwé ìròyìn elédè Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó àti Àbújá ló ń kà kó tó kọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ló fi èyí hàn jù. Ní ìparí ọdún 2024, ìwé ìpè kan gba orí ayélujára kan, tó ní wọn yóò ṣí ilé-ẹjọ́ Ṣàríà nílùú Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2025. Àwọn tó kọ ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe, nítorí ilé-ẹjọ́ kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣí. Ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà ni, èyí tí Mùsùlùmí méjì lè fi ìfẹ́ inú ara wọn gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ogún lọ síwájú rẹ̀. Kò lè gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Irú rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn àti Èkó láti nǹkan bí ọdún 2002. Ìwé òfin 1999 pàápàá, ní abala 275, fàyè gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù tó ní in. Àìsí rẹ̀ ló bí ìgbìmọ̀.

Kò pẹ́ tí orí ayélujára fi kún fún igbe pé jíhàádì ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, pé Òkè Ọya ló rán an wá. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní kí gbogbo ènìyàn tẹ̀lé òfin; wọ́n sì sún ayẹyẹ náà síwájú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ NSCIA, tí Sultan Sókótó jẹ́ olórí rẹ̀, gbèjà àwọn ará Ọ̀yọ́, ńṣe ni àwọn kan tún fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ Tìmì Habibu Lágùnjú ti fi Ṣàríà dájọ́ ní Ẹdẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí fẹ́ pín dúkìá mọ́ ọn lọ́wọ́, ni a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá nínú gbogbo ariwo náà, òun tó ṣe pé nítorí rẹ̀ ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wà.

A kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ o. Wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Deborah Samuel, ní Sókótó, tí wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ànábì. Ààfáà tó bá ń wí àwíjàre fún irú ìyẹn, àwọn tó ń ba orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́ ló ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí bọ́ǹbù bá lórí ìrun ní mọ́sáláṣí ńlá Kánò ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 2014, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ abúlé tí àwọn agbébọn sọ di ahoro ní Zamfara àti Kàtsínà, Mùsùlùmí ló ń gbé ibẹ̀.

Ìwé wọ̀nyí kì í sì í dúró lórí ayélujára. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump dá orúkọ Nàìjíríà padà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ní ó ń tẹ òmìnira ẹ̀sìn mọ́lẹ̀, orúkọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi síbẹ̀ ní 2020, tí wọ́n sì yọ ní 2021. Nígbà tó di ọjọ́ Kérésìmesì, ohun ìjà Amẹ́ríkà bọ́ sí ìpínlẹ̀ Sókótó. Ìjọba Nàìjíríà ní àwọn fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń ka àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣáájú ìkéde náà kò ní mọ̀ pé Mùsùlùmí ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, àti pé pásítọ̀ ìjọ Rìdíìmù ni ìyàwó rẹ̀.

Àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀bi tiwọn pẹ̀lú. Bí ìjà bá dé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ̀wé síta. Bí ìjà bá lọ, wọn a dákẹ́.

Ní Àgbárá, nígbà tí ìròyìn Trump ń jà ràn-ìn, òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì na fóònù rẹ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ó ní kó wá ka ohun tí wọ́n kọ nípa wọn. Ìyẹn kà á tán, ó bi í léèrè pé, "Ta ni ‘wọn' yẹn, bọ̀dá?" Tọ̀hún kò rí èsì fọ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.