Àdàkọ Títà Pọ̀ ní Àlàbá. Àdàkọ Ìpamọ́ Dà?



Kò sí ará Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkokomáíkò tí kò mọ ohun tí a fi àwo fíìmù ṣe ní ọjà Àlàbá ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Bí fíìmù àgbéléwò kan bá jáde, kì í pẹ́ kí àdàkọ rẹ̀ tí kò gba àṣẹ tó bọ́ sórí àtẹ. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ń sunkún. Ẹni tí kò ṣe é ń ka owó. Olè ni ìwà yìí, àwa kò sì ní orúkọ mìíràn tí a ó pè é.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kẹ́ àìmọye àdàkọ wọ̀nyí, mélòó ni a ṣe kí iṣẹ́ náà má baà parun? Nísisìyí tí tẹlifóònù ti gba ọjà lọ́wọ́ àwo, àwọn adàkọ-tà ti wá òwò mìíràn lọ. Àwo wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, ara rẹ̀ ń họ, awọ dídán rẹ̀ ń ṣí. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ ní ọdún 1999, kú ní ọdún 2017, síbẹ̀ ó ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà. Iṣẹ́ olókìkí kò ní ṣàìrí olùtọ́jú. Ti àwọn tí kò lókìkí ńkọ́, tí èdè wọn jinlẹ̀ bákan náà?

Àwọn kan wí pé gbogbo rẹ̀ ti wà lórí YouTube. Irọ́ ni. Ohun tí ẹnìkan rò pé yóò pa owó ni ó gbé síbẹ̀, ó sì lè yọ ọ́ kúrò ní ọjọ́ tí ó bá wù ú.

Àwọn mìíràn wí pé àdàkọ gbogbo ni olè. Àwọn yìí kò ka òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ ti ọdún 2022, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi àyè sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé àti ilé ìpamọ́ láti da ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn kọ nítorí ìpamọ́, kì í ṣe nítorí títà.

Àwọn ẹ̀kẹta gbà pé iṣẹ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé kí a ki àwo bọ kọ̀ǹpútà kí a sì fa fáìlì jáde ti tó. Kò tó. VCD ní àléébù láti ìṣẹ̀dá: níbi tí sídì tí a fi ń pa ìwé mọ́ gba 2048 báìtì ní ìpín kọ̀ọ̀kan, 2324 ni VCD kó sínú ìpín àwòrán, nítorí pé ó gba àyè tí à bá fi tún àṣìṣe ṣe. Ìdí nìyí tí ìhà kékeré fi ń fọ́ àwòrán, tí àdàkọ lásán sì ń dúró lójú ọ̀nà. vcdxrip ni irinṣẹ́ tí ó mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ni a fi ń pè é. Fún DVD, ddrescue ni. Yóò kọ́kọ́ kó ibi tí ó dára, yóò fi ibi tí ó ṣòro sí ìgbẹ̀yìn, yóò sì ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó kù, kí a lè tẹ̀síwájú ní ọjọ́ mìíràn. Bí a bá fi àwo kejì irú kan náà sí i, kìkì ohun tí ó sọnù lára èkíní ni yóò mú nínú rẹ̀: àwo Òkokomáíkò yóò dí àlàfo ti Ìbà! Ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ méjèèjì. Wọn a ní àṣẹ títẹ̀ ṣòro. Ẹni tí ó há oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sórí, ìlà àṣẹ wo ni kò lè há?

Ohun tí àwa ń bèèrè kò pọ̀. Ọ̀jọ́ ni ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Kí ilé-ìkàwé rẹ̀ ya tábìlì kan àti kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí àwọn ọmọ ọjà Àlàbá, tí ó mọ àwo ju ẹnikẹ́ni lọ, jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí a kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́, kí wọn mọ̀ pé a kò tà wọ́n. Kí olúkúlùkù sì tú páálí abẹ́ ibùsùn rẹ̀ wò kí ó tó dà á sí ààtàn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àlàbá ni ọjà náà. Ta ni yóò jẹ́ àgbà?