Kì Í Ṣe Olówó Nìkan Ló Lè Gba Ọmọ Ṣọmọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé kan sọ nínú ìwé yín pé olówó nìkan ló lè gba ọmọ ṣọmọ ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, owó táwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ń gbà ga. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ò pin síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lábẹ́ àbójútó ìjọba ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń retí òbí. Ẹni tó bá gbà wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ náwó. Láti ọdún 1980 ni òfin àpapọ̀ ti ṣètò owó ìrànwọ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Kí òbí rí i pé òun fọwọ́ sí àdéhùn owó náà kí ilé-ẹjọ́ tó parí ètò.

Ẹ̀dínwó owó-orí tún wà. Ti ọdún 2025 lè tó $17,280 lórí ọmọ kan, bí owó tó ń wọlé fún òbí kò bá pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Ó lè tó $5,000 nínú rẹ̀ tí wọ́n á san fún ẹni tí kò jẹ gbèsè owó-orí rárá.

Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ẹ má torí owó sọ̀rètí nù. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó yáwó.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan,
Houston, Texas.