Awọ Ọmọ àti Etí Ọmọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, nígbàkigbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé etí òkun wa ní Badagry yìí, ẹ̀dùn ọkàn méjì ni àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó kàwé: pé awọ ọmọ gbẹ, ó funfun bí ẹfun, àti pé ọmọ ti pé ọdún méjì, kò tíì sọ̀rọ̀. Èrò mi ni pé a ń sáré lórí èkíní, a sì ń fi ìkejì jáfara.

Ti awọ kò le. Omi gbígbóná, ọṣẹ líle àti kànìnkànìn tí a fi ń họ ọmọ láàárọ̀ lálẹ́ ni ó ń bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ dànù. Ọyẹ́ kàn wá parí iṣẹ́ náà ni. Kí a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ó má pẹ́ nínú omi, kí a sì fi òrí tàbí òróró àgbọn pa á lára kí ara tó gbẹ tán. Ta ni yóò wá òróró àgbọn tì ní Badagry? Bí ara bá ń ṣomi, tàbí tí yíyún kò jẹ́ kí ọmọ sùn, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni kafúrà, èyíinì ni ẹyin funfun olóòórùn tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nínú àwọn ọkùnrin Yorùbá, ó tó ẹnìkan nínú márùn-ún tí èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ tí a kó kafúrà sí wọ irú ìkókó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ojú àti ara rẹ̀ sì di pupa rúsúrúsú. Àwọn dókítà ń kìlọ̀ nípa róòbù pẹ̀lú. Bí a kò bá tètè tọ́jú ibà pọ́njú yìí, oró rẹ̀ lè wọ inú ọpọlọ, kí ó sì ba ọ̀nà tí ohùn ń gbà láti etí lọ jẹ́. Awọ ọmọ náà yóò máa dán bí ó ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n kò gbọ́, nítorí náà kò sọ.

Kí ni a ń sọ nígbà náà? A ní èdè Ògù àti Yorùbá tí ó pàdé nínú ilé ni ó dí i lẹ́nu. Mo mọ ilé kan tí a ti pàṣẹ fún ìyá àgbà pé kí ó má sọ Ògù sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìkà ni èyí, asán sì ni pẹ̀lú. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ tí ó pe omi ní osìn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí ó sì pè é ní omi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni kí a kà fún un.

Ní nǹkan bí ọdún kan, ó yẹ kí a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lẹ́nu ọmọ, ní ọdún méjì, kí ó máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí “ìyá wá.” Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, etí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Pípàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò tó, nítorí ọmọ tí ó gbọ́ ìró ìlù lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí àwọn òbí bèèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Badagry fún ìwé tí yóò gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn etí, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà náà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró di ìgbà tí ọmọ bá dé kíláàsì wa ní ọmọ ọdún mẹ́fà, àwọn ọdún tí èdè rọrùn jù láti kọ́ ti kọjá lọ.