Ta Ló Ní 504 Ju 404 Lọ?

Ọkọ̀ Peugeot méjì ni bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tí ó papò dà: 404 familiale àti 504 berline. Àwọn méjèèjì wà ní àgbàlá rẹ̀ ní Kétu títí di òní. Àwọn àbúrò mi ti pinnu pé kí á tọ́jú 504, kí á sì ta 404 fún àwọn tí ń fi ìwọ̀n ra irin. Ìdí kan ṣoṣo ni wọ́n rí sọ: 504 ló dára jù. Láti Ṣábẹ̀ títí dé Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Mo kọ èyí láti ta kò wọ́n.

Kí n kọ́kọ́ fún 504 ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1960 ni 404 jáde, 504 jáde ní 1968. Ó yẹ kí àbúrò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n kò mọ̀. Ẹ́ńjìnnì 404 jẹ́ 1618 cm³. Ti 504 bẹ̀rẹ̀ láti 1796, kò sì pẹ́ tí ó fi dé 1971. Eré 404 kò ju nǹkan bí 140 kìlómítà ní wákàtí kan, 504 kọjá 150. Ní ti ìjánu, n kò ní jiyàn rárá: ìjánu aláwo ni 504 berline ní ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dírọ́ọ̀mù ni 404 fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi 404 tó kún fún ẹrù sọ̀kalẹ̀ nínú òjò rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ta ní ń sá 150 lójú ọ̀nà Pobẹ̀ sí Kétu nígbà tí ọ̀nà náà jẹ́ erùpẹ̀ pupa? Ohun tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń bèèrè ni ẹ̀yìn tó le. Lábẹ́ 404, ọ̀pá irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Lábẹ́ 504 berline bí irú ti bàbá wa, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn tu ará lára púpọ̀. Ẹ wá di àpò àgbàdo sí i kí ẹ wò ó: ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì tẹ̀.

Peugeot fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe 504 tí yóò gbé èrò àti ẹrù, ìyẹn break, familiale àti bâchée, ọ̀pá irin bíi ti 404 ni ó padà sí. Àwọn 504 wọ̀nyẹn gan-an ni gbogbo ibùdókọ̀ wa ń yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn wọ́n, ẹ̀yìn 404 ni ẹ ń yìn láìmọ̀.

Wọ́n á ní 504 gba ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Òótọ́ ni, ní 1975 àti 1978. Coupé onísílíńdà mẹ́fà ló gba ti 1978, irú èyí tí ojú ọ̀nà wa kò mọ̀. Berline ló gba ti 1975, mo sì gbà pé ìyẹn ta kò mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n 404 gbà á ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní 1963, ọkọ̀ 7 péré ló parí eré náà. Ní 1968, 7 náà ni. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, 404 ló ṣíwájú.

Kí ni 504 bàbá wa ṣe rí? Ó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó, ó gbé e lọ kí àwọn àna. Ìlà ìjókòó mẹ́ta inú 404, pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà àti ewúrẹ́ wọn, ló san owó ilé ìwé àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan àwọn tí ń wá ẹni tí yóò rà á.

Kàbúrétọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, n kò sẹ́. Mẹkáníìkì àgbà kan ní Pobẹ̀ ní òun yóò jí i bí a bá rí òmíràn. Títí di ìgbà náà, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.