ÌLÙ ONÍNÁ KÌ Í ṢE ADITÍ

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìlù mìíràn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ìlù oníná mànàmáná. Àwọn kan láàárín wa ti dá a lẹ́bi. Wọ́n ní kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ líle àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí náà kì í ṣe ìlù. Èmi kò gbà. Èrò tèmi ni pé a kò tí ì tún etí rẹ̀ ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé fara ti ilé láti Ìdúmọ̀tà títí dé àyíká Ìgá Ìdúngànrán. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìlù kọ́ ọwọ́ níbẹ̀ lóru yóò gbọ́ èébú aládùúgbò kí ó tó gbọ́ ohùn ìlù rẹ̀. Ìlù oníná lè gbà á lọ́wọ́ èyí, nítorí ó lè fi ẹ̀rọ bo etí kí òun nìkan máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlù náà bá ń sọ gbogbo ọwọ́ di ariwo kan náà, agídí ni ọmọ náà ń kọ́. Ẹni tí kò rí èrè ọwọ́ pẹ̀lẹ́ yóò gbàgbé rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí Tony Allen ní ọdún 1940. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tí ó ń fi sáàárín ọwọ́ líle wà lára ohun tí ó sọ ìlù rẹ̀ lẹ́yìn Fẹlá di àríkọ́gbọ́n, títí ó fi kú ní Paris ní ọdún 2020. Ṣé a fẹ́ kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ parẹ́?

Báwo ni ìlù oníná ṣe ń gbọ́ràn? Ohun pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ojú rẹ̀ tí í sọ ìgbọ̀nrìrì di iná díẹ̀. Àpótí rẹ̀ a sì wọn iná náà; nínú ìlànà MIDI tí ó jáde ní ọdún 1983, òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 127.

Èkíní tí ó yẹ ní títúnṣe ni ojú ìlù. Ìlù Simmons ti ọdún 1981 ní ojú líle tí ń dun ọrùn ọwọ́. Ní ọdún 1997 ni Roland gbé ojú aláwọ̀n jáde. Ojú aláwọ̀n gbọ́dọ̀ le dọ́gba yíká, bí onísákárà ṣe ń ti èèkàn rẹ̀ yíká kí ohùn tó bára mu. Èkejì ni "Sensitivity". Bí ó bá pọ̀ jù, ọwọ́ àárín yóò ti kan 127, ọwọ́ líle kò sì ní ibi tí yóò lọ mọ́. Ẹ dín in kù títí yóò fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó le jù lọ nìkan ni ó ń kan òkè. Ẹ̀kẹta ni "Threshold", ààlà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kí àpótí tó dáhùn. Bí ó bá ga jù, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ yóò sọnù. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ìlù yóò fi máa dá dún, kí ẹ wá gbé e sókè díẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò lè fọhùn bí dùndún. Ẹni tí ó bá ní ó lè fọhùn ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé dùndún jáde láìfa ọsán rẹ̀ wò? Èé ṣe tí a fi ń lu ìlù oníná bí a ti yọ ọ́ nínú páálí, tí a sì ń fi agbára bá a jà? Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pe àwọn ọmọ Àyàn wá jókòó ti ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n fi etí tiwọn tún etí rẹ̀ ṣe. Bí a kò bá ṣe é, ẹni tí ó kan ẹ̀rọ náà ní òkè òkun ni yóò máa pinnu bí ọwọ́ ọmọ Èkó yóò ṣe dún.