Ẹ Tún Ilé Tò, Ẹ Má Na Ọmọ Tó Ń Gun Àga

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ tó wà nílé yín kò gbọ́ òwe yẹn rí. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó pẹpẹ, yóò wọ́ àga oníke wá sídìí rẹ̀, yóò fi ikùn lé e, yóò gbé orúnkún kan sókè, yóò sì nàró. Kí ìyá rẹ̀ tó sọ àmàlà kalẹ̀, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Ariwo á ta, ìyá á sáré wọlé, ìgbájú á tẹ̀lé e. Wọ́n á ní ọmọ yìí ti ya ìpátá.

Kò ya ìpátá o. Iṣẹ́ tí ara rẹ̀ rán an ló ń jẹ́. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lágbára fẹ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé, ojú sì ti rí i pé òkè ni àwọn àgbà ń kó gbogbo ohun tó wuni sí. Ẹ na ọmọ ọjọ́ orí yìí títí, kò ní jáwọ́ nínú gígùn. Yóò kàn dúró dìgbà tí ẹ bá wọ ilé ìwẹ̀ ni. Ilé ló yẹ ká tún tò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Ómàn àti Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ọmọ kan lè dá rìn nígbà tó lé díẹ̀ ní oṣù 8, kí òmíràn má dá rìn títí di oṣù 17, kí nǹkan kan má sì ṣe ìkankan nínú wọn. Ìyá tó ń fi ọmọ rẹ̀ wé ti aládùúgbò kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Bí àwọn ọmọ bá fi máa tó oṣù 18, púpọ̀ nínú wọn á ti máa gun àga, wọ́n á sì máa sọ̀ fúnra wọn. Ní ọmọ ọdún méjì, wọ́n á máa sáré, wọ́n á sì máa gun àtẹ̀gùn. Èyí tó bá pé oṣù 18 tí kò tíì dá rìn ni kí ẹ gbé lọ fún dókítà wò. Ẹ má dá ẹni tó ní ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ náà pẹ́ lóhùn.

Ewu ibẹ̀ ni pé orí ọmọdé tóbi, ó sì wúwo, bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, nígbà tí ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, orí ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mọ gígùn kó tó mọ sísọ̀. Sísọ̀ yìí ni ẹ lè kọ́ ọ. Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ikùn rẹ̀ kan fóòmù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rọra fà á sẹ́yìn títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, kí ẹ máa wí fún un pé, “Fẹ̀yìn sọ̀, fẹ̀yìn sọ̀.” Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ̀yin wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láìpẹ́, ẹ ó rí i tó dé etí àga, tó dúró, tó sì fúnra rẹ̀ yí ìdí padà.

Ara ọmọ náà ń fẹ́ iṣẹ́. Àwọn ìyá wa tó ń fa ọmọ lápá fà á lẹ́sẹ̀ nídìí ìwẹ̀ mọ nǹkan kan nípa èyí. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójúmọ́. Wọ́n tún ní kí ọmọ má ṣe wà ní dídè sórí àga tàbí sẹ́yìn àgbà ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Pípọ̀n dára, mi ò bá a jà. Àmọ́ ọmọ tó ti ń rìn, tí a pọ̀n láti àárọ̀ títí ọjà fi tú, gbèsè ìṣẹ́jú rẹ̀ pọ̀. Ẹ tẹ́ fóòmù sílẹ̀, ẹ to ìrọ̀rí lé ara wọn, ẹ gbé àpótí kúkúrú síbẹ̀, kó máa gùn ún lójú yín.

Wọ́kà oníkẹ̀kẹ́ kò sí lára ohun tí mo ń sọ. Kì í jẹ́ kí ọmọ tètè rìn, ó sì máa ń sáré gbé ọmọ lọ sídìí iná tàbí àtẹ̀gùn. Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti 2004.

Nínú yàrá, ẹ kọ́kọ́ wo àpótí aṣọ tó ní dúrọ́ọ̀. Ọmọ máa ń fa dúrọ́ọ̀ jáde, á fi ṣe àtẹ̀gùn, gbogbo ẹrù náà á sì dojú dé e. Ní 2016, ilé iṣẹ́ IKEA tó ń ta ẹrù ilé ní kí àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà dá irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 29 padà, nítorí ó ti wó pa àwọn ọmọdé. Ẹ pe káfíńtà kó fi irin àti ìṣó onídè so ó mọ́ ògiri. Kó so tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ ọn. Kí ẹ sì má gbé rìmóòtù tàbí bisikíìtì sórí àpótí náà mọ́, torí ẹ̀yin gan-an lẹ fi ń pe ọmọ gòkè.

Ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láti 1976 ni òfin ìlú New York ti sọ ọ́ di dandan pé kí onílé fi irin sí fèrèsé ilé tí ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ bá ń gbé. Àwa náà ń fi irin, àmọ́ olè là ń fi lé. Àwọn wẹ́dà wa fẹ́ràn láti tò ó ní ìbú, èyí sì ti di àkàsọ̀ fún ọmọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tò ó lóòró, kí àlàfo má tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ó sì ga. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè gba ọmọ dúró. Ẹ kó àga oníke àti kẹ́ẹ̀gì omi kúrò ní bákónì, ẹ má sì ti bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ fèrèsé.

Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí wọ́n fi àgádágodo tì. Omi díẹ̀ nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó láti pa ọmọ tó bá dorí kọ ọ́, nítorí náà ẹ dà á nù lẹ́yìn ìfọṣọ. Kọ́sítíìkì sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ kò gbọdọ̀ sí nínú ìgò ohun mímu rárá. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ọmọ yóò ṣì já bọ́ nígbà mìíràn. Bó bá sunkún díẹ̀ tó sì padà sídìí eré, ẹ máa wò ó títí di ọjọ́ kejì. Bó bá dákú, tó ń bì léraléra, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tí gìrì mú un, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, tàbí tí kò fẹ́ lo apá tàbí ẹsẹ̀ kan, ẹ má fi róòbù ra á lára, ẹ má fún un lágbo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ibi tó ti já bọ́, bí ibẹ̀ ṣe ga tó, àti aago tó ṣẹlẹ̀.