Ẹ Kọ́ Oníkẹ́míìsì, Ẹ Yéé Lé E Kiri

Òfin Nàìjíríà kò fi bò rárá: oníkẹ́míìsì tí kì í ṣe apòògùn kò gbọdọ̀ ta oògùn tó gba ìwé dókítà, kò sì gbọdọ̀ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rìn láti Ìdófin dé Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ní Igbó-Ọrà, kí ẹ béèrè ampicillin. Ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni bi yín léèrè ìwé.

Bí PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn, bá dé, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á bá tiwọn lọ. Mo ní asán ni. Òfin yìí gan-an ló ń pa wá lára, torí ohun tí òfin ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ tà, ta ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tà á? Abẹ́ káńtà ló ń gbé e sí, àìmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Igbó-Ọrà ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá, agbègbè tí Igbó-Ọrà wà. Ní 1992, àwọn olùwádìí méjì, Oshiname àti Brieger, tẹ èsì ẹ̀kọ́ tí àwọn oníkẹ́míìsì ìlú yìí gbà jáde: ìmọ̀ wọn ga ju ti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ lọ. Ní Tanzania, wọn kò fi ẹ̀kọ́ àwọn oníkẹ́míìsì tiwọn mọ sórí ìwé. Láti 2003 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ruvuma: ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́, tí ìjọba sì yẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò, lè ta ìwọ̀nba oògùn tó gba ìwé dókítà, títí kan apakòkòrò mélòó kan.

Àwọn apòògùn á ní bí a bá gba irú èyí láàyè, oògùn ò ní ran kòkòrò mọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń fà á lónìí? Ẹni tó ń ka kápúsù ampicillin mẹ́rin sínú ọ̀rá fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ni, nígbà tó jẹ́ omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló yẹ kó kọ́kọ́ fún un. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

N kò bẹ̀bẹ̀ fún oní-tramadol tàbí oníkódéìnì o. Ìjọba ti fòfin de omi ikọ́ oníkódéìnì láti 2018. Ẹni tó bá ṣì ń tà á, ẹ̀wọ̀n ni kó lọ.

PCN ti dán pípín àwọn oníkẹ́míìsì sí ìpele mẹ́ta wò. Kí wọ́n sọ ọ́ di dandan. Kí wọ́n to orúkọ oògùn tí ìpele kọ̀ọ̀kan lè tà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí oníbàárà á ti rí i. Ẹni tó bá kọjá àyè rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.